Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Lẹ́yìn Sùbúhì, Ẹ Má Tíì Padà Sórí Bẹ́ẹ̀dì

Àsàlámù àlékùmù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni dókítà ti kìlọ̀ fún pé kó máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. A ó ra bàtà kánńbáàsì, a ó sáré láàárọ̀ Sátidé títí orókún yóò fi máa ro wá. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, bàtà ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀lẹ. Lójú tèmi, àṣejù ọjọ́ àkọ́kọ́ ni.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a bá ń ṣe déédéé, bó tilẹ̀ kéré. Lórí ìjọsìn ni hádíìsì náà wà, àmọ́ ẹni tó bá fi tọ́jú ara rẹ̀ kò ṣìnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣe ìdárayá lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í ka èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 sí. Lọ́dún 2020 wọ́n yọ gbèdéke yẹn kúrò. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan ṣáájú tirẹ̀ ti ṣe nǹkan. Kó sáà yára rìn: kó lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má lè kọ wákà.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Ìmáàmù, rákáà 17 tí à ń kí lójúmọ́ ti tó." Kò tó. Ọlọ́hun la ń kírun fún, ojú kan náà la sì ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jí kí Sùbúhì ti ṣẹ́gun oorun, ohun tó le jù sì nìyẹn. Kó gba ọ̀nà tó jìn lọ sílé. Bí òjò bá ń rọ̀, kó máa lọ kó máa bọ̀ nínú fàráńdà.

Ẹ̀yin ìyá wa, mo mọ̀ pé ìtìjú ni tiyín: kí ni aráyé máa wí? Lórí ìrìn-àjò kan, Ànábì ní kí àwọn èèyàn máa lọ níwájú, ó wá bá Àíṣà ìyàwó rẹ̀ sáré ìje. Àíṣà ló gbégbá orókè! Nígbà tó yá tí Àíṣà ti sanra, wọ́n tún sáré, Ànábì borí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní èyí ni ẹ̀san tìjọ́sí. (Ẹ̀yin ọkọ, ìgbà wo lẹ bá ìyàwó yín ṣeré gbẹ̀yìn?) Jálàbíà kò ní kéèyàn má yára rìn.

Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Àwa yòókù, ẹnu géètì mọ́ṣáláṣí la ó ti máa pàdé lẹ́yìn Sùbúhì, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ìyá Sùnnà ni yóò máa ṣáájú àwọn obìnrin ní pápá ilé kéwú, lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú. Bàtà èyíkéyìí tí kò bá ti ń yọ̀, ẹ wọ̀ ọ́ wá.