Ìyá Ìbejì, Ẹ Má Wo Gbogbo Ẹranko Tán

Kétu

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Màmá rẹ ní kí n kí yín, ó ní ẹ̀fọ́ gbígbẹ tí o béèrè yóò bá ẹni tó ń bọ̀ ní ìparí oṣù wá. O ní àwọn ìbejì fẹ́ padà sí ọgbà ẹranko Vincennes ní Páríìsì nínú ìsinmi yìí, o sì fẹ́ kí n sọ èyí tó yẹ kí ẹ wò, torí pé èmi ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣọ́ igbó ìjọba. Ó dára. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fò ni n ó kọ, torí ibẹ̀ ni wàhálà yín wà.

Nígbà tí mo wá kí yín tí a jọ lọ, mo ń ṣọ́ ọ. O mú ìwé àwòrán ọgbà náà dání bí agbowó-orí, ò ń fi bíìkì fa ìlà sí ẹranko tí a bá ti rí. O ní owó ìwọlé ti wọ́n jù, a gbọ́dọ̀ rí gbogbo rẹ̀. Kí a tó dé ilé gíláàsì ńlá tí wọ́n gbin igi ilẹ̀ olóoru sí, Táyé ti sùn lẹ́yìn rẹ, Kẹ́hìndé ń sunkún omi, ọkọ rẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Hẹ́kítà 14.5 ni ibẹ̀. Wọ́n pín in sí apá márùn-ún: Patagonia, Sahẹ́lì pẹ̀lú Sùdáànì, Yúróòpù, Guyane àti Madagáskà. Apá méjì tó ọmọ ọdún méje. Owó tí ẹ san ti lọ. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ọmọ san án lẹ́ẹ̀kejì.

Kìnnìún ni kí ẹ kọ́kọ́ fò. Mo mọ̀ pé Kẹ́hìndé yóò ké, àmọ́ kìnnìún lè sùn tó wákàtí 20 nínú ọjọ́ kan. Àwọn èrò tó kún iwájú rẹ̀ ń retí kó bú ramúramù nítorí pé wọ́n sanwó, òun kò sì mọ̀ pé ẹnì kan sanwó. Bí ó bá wà lójúfò nígbà tí ẹ ń kọjá, ẹ wò ó. Bí ó bá ti nà gbalaja, ẹ máa lọ.

Ejò ńkọ́? Àwọn ọmọ yẹn ti gbé òjòlá kọ́rùn ní ilé òjòlá ní Glehue, tí wọ́n ń pè ní Ouidah, ìwọ náà lo ya fọ́tò. Wọ́n sì ti rí ejò tí wọ́n gbẹ́ sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níbí. Èyí wù mí ju ejò inú gíláàsì lọ. Ó kéré tán, òun ń jó. Nǹkan aláwọ̀ ìyeyè kan tún wà tí wọ́n gbé síta ní 2019, tí Faransé ń pè ní blob: kì í ṣe ẹranko, kì í ṣe igi, kì í ṣe olú, kò lẹ́nu, kò ní ọpọlọ. Gbogbo Páríìsì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń hù lórí igi jíjẹrà lóko, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fò ó.

Ti ọ̀bọ ni mo rò pé a ó jà lé. Ọ̀bọ onímú gígùn tó wà lẹ́bàá òkúta ńlá ibẹ̀, ọmọ Guinea ni wọ́n, èmi kò sì lè sanwó wo olè àgbàdo. Bí o bá ti lé wọn lóko rí, ìwọ náà kò ní sanwó. Ní oṣù kìíní 2018, nǹkan bí àádọ́ta nínú wọn já jáde, wọ́n kó gbogbo èrò kúrò nínú ọgbà. Nígbà tí mo gbọ́, ẹ̀rín pa mí: ohun tí wọ́n ń fojú wa rí lóko ni wọ́n gbé dé Páríìsì. Ṣùgbọ́n ìbejì ni ìwọ bí. Bí ẹ bá rí ẹdun níbikíbi, èyí tó dúdú, tó funfun, tó nírù gígùn, ẹ dúró níbẹ̀ títí ó fi máa sú yín. Ẹ kì wọ́n níbẹ̀: ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi. Bí àwọn èèyàn bá ń wò yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Ménagerie, ọgbà ẹranko àtijọ́ tó wà ní Jardin des Plantes náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1794, mo fẹ́ kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ wo Nénette níbẹ̀, ọ̀bọ ńlá onírun pupa tí wọ́n gbé dé ní 1972 láti igbó Borneo. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wo àwọn ọmọdé tó ń fi fóònù lu gíláàsì. Àgbàlagbà ni. Ojú tì mí, mo ní kí a máa lọ, o rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹranko tó bá ń rìn síwá sẹ́yìn lójú ìlà kan ṣoṣo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fá koríko ibẹ̀ dànù. Àwọn ọmọdé máa ń rò pé ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Aládùúgbò rẹ tó ní kí o kúkú kó wọn lọ sí Jardin d'Acclimatation, pé eré pọ̀ níbẹ̀, kò purọ́. Eré pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 1860 ni Napoléon Kẹta ṣí i, fún ẹranko àti igi láti òkèèrè. Láti 1877 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn wá síbẹ̀ fún ìran wíwò. Ní 1891, ó kan àwọn ọmọ Dàhómẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n ní kí wọ́n máa jó, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni ń jagun, kí àwọn ará Páríìsì lè sanwó wò wọ́n nínú ọgbà kan náà tí wọ́n ti ń wo ẹranko.

Rántí ẹni tí a jẹ́ o. Ní 1886 ni ogun Dàhómẹ̀ fọ́ Kétu. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú-ìlú wọn, ó sì di 1894 kí ìlú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ 1891 yìí kọ́kọ́ dé etí wa, ẹnìkan láàárín wa rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló bá wa san án fún wọn. N kò bá a rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún un pé àwọn tó dúró nínú ọgbà yẹn ló wá ja Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú wa? Bí àwọn gan-an bá sì ni, a kì í fi ọmọ èèyàn ṣe ìran àpéwò.

Vincennes náà kò mọ́ tónítóní. Ìpàtẹ ńlá tí Faransé fi àwọn ilẹ̀ tó ń mú sìn ṣe ní 1931 ló bí i: ọgbà ẹranko onígbà díẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ wu èrò gan-an, wọ́n sì kọ́ èyí tó dúró ní 1934. Nítorí náà n kò ní kí ẹ má lọ síbikíbi. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní jáde nílé mọ́ ní Páríìsì. Ti Acclimatation nìkan ni mo ní kí ẹ fò ní báyìí. Ọdún méje kéré fún irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá di mẹ́rìnlá, mú wọn lọ, má sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kankan títí tí o fi máa sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ku èyí tí àwọn ẹlòmíràn máa ń fò tí èmi kò fẹ́ kí ẹ fò. Bí ẹ bá bá igún pàdé, ẹ jókòó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igún pọ̀ lórí igi ẹ̀bá ọjà wa débi pé a kì í gbójú sókè wò wọ́n. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ní báyìí wọ́n ń pa á, wọ́n ń ta orí rẹ̀ fún oògùn, àwọn onímọ̀ sì ti ka irú tiwa mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa run láti 2015. Lóòótọ́, igún ilẹ̀ Yúróòpù kọ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Jẹ́ kí àwọn ọmọ wo bó ṣe ń na ìyẹ́ sí oòrùn. Kò lẹ́wà, mo mọ̀.

Àgùnfọn náà ńkọ́, ẹ fún un ní àkókò, kí ẹ wo bó ṣe ń la ẹsẹ̀ iwájú kó tó lè mu omi. Ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa, orílẹ̀-èdè Niger nìkan ló ṣẹ́kù sí. 49 péré ni wọ́n kà ní 1996, wọ́n sì ti lé ní 600 báyìí. Sọ ìyẹn fún Táyé, òun ló fẹ́ràn nọ́ńbà.

Bí wọ́n bá béèrè erin, sọ pé kò sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọgbà náà ṣí ní 2014 ni wọn kò ti sin erin níbẹ̀ mọ́, torí ilẹ̀ kò tó o. Ibẹ̀ ni mo ti yìn wọ́n. Erin wa wà ní Pendjari, igbó ìjọba tó wà ní àríwá Benin, èmi fúnra mi ni ǹ bá mú àwọn ìbejì lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jí àlejò Faransé méjì gbé níbẹ̀ ní 2019, tí wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn, ọ̀nà yẹn kò tíì wù mí. Bí ó bá dára, n ó pè ọ́.

Bí ẹ bá dé láti ọgbà, kí àwọn ọmọ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Yorùbá ni kí wọ́n fi sọ ọ́ o. Èyí tí wọ́n bá fi Faransé sọ, n kò ní dáhùn. Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ.