Ẹ Má Tìtorí Ìpàdé Yọ Ọmọ Kúrò Nílé-Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ ní Èkìtì yìí,

Mo kí yín o. Ṣé ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa níbí, ní Ìkẹ́rẹ́, ló gbà mí lọ́kàn. Pírámárì kejì ló wà. Ilé-ìwé fi ìwé ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó wá kí àwọn jọ jókòó, pé ọmọ náà kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn nínú ẹ̀kọ́, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tó nílò àbójútó ọ̀tọ̀. Ìyá kò lọ. Ọjọ́ kejì ló kó báàgì ọmọ, ó yọ ọ́ kúrò. Ó ní wọn ò ní fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni ọmọ ọ̀hún ń jókòó sí lójoojúmọ́, ó ń to ìgò òróró sórí pẹpẹ. Ó sì ń tò ó dáadáa o, ńlá sẹ́yìn, kékeré síwájú. Láàárọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá nínú yunifọ́ọ̀mù, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi ṣẹ́ kọ́nà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Kì í ṣe pé ọmọ kò tètè mọ̀wé. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ̀ pé ọmọ kì í dọ́gba. Òbí tó gba ìwé ìpè tán tó gbé ọmọ pamọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ó sì ti ń pọ̀ jù. Eléyìí gbé ti ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà lábúlé, ìyẹn mú ti ẹ̀ gun òkè àdúrà, òmíràn ń kó ọmọ láti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tó ń sá fún olówó èlé. Ibi tí ẹ bá sáré dé, ọmọ yẹn náà ni yóò jókòó sí kíláàsì níbẹ̀. Tíṣà ibẹ̀ náà lójú.

Ìwé ìpè kì í ṣe ìdájọ́. Tíṣà kì í ṣe dókítà, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ àìsàn kankan pe ọmọ yín. Ohun tó rí ló fẹ́ sọ, ó sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin rí nílé. Bí ẹ kò bá lọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni wọn yóò máa fi ṣe ìpinnu.

Ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n mú èmi náà lọ. Ta ló ń bèèrè ìwé ọjọ́ ìbí? Ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, bó bá kan etí òsì, ó tó ilé-ìwé lọ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọwọ́ tirẹ̀ kan etí dáadáa. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá etí náà ń gbọ́ràn. Bí tíṣà bá kọjú sí wa, yóò dáhùn. Bí tíṣà bá kọ̀yìn sí wa tó ń kọ̀wé sójú pátákó, tó sì ń sọ̀rọ̀, ẹnu tèmi ni ọmọkùnrin náà yóò máa wò. Ọyún máa ń jáde létí rẹ̀, òwú ni ìyá rẹ̀ fi ń dí i. Wọ́n nà án ní pàṣán títí, wọ́n sọ ọ́ ní olódo, àwa ọmọdé náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sóko kòkó. Nígbà tí a dàgbà, mo bá a níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó: ó ti ṣírò owó tirẹ̀ sórí kí akọ̀wé tó ń fi bírò ṣe é tó parí. Ẹni tí wọ́n pè ní olódo nìyẹn!

Nítorí náà, ẹni tó bá tún wá sọ fún mi pé emèrè ló ń da ọmọ òun láàmú, tàbí pé ayé ló di orí rẹ̀, kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ṣé ẹ ti yẹ etí rẹ̀ wò? Ṣé ẹ ti yẹ ojú rẹ̀ wò? Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, kí ló jìnnà níbẹ̀? Ẹ ń lọ síbẹ̀ lọ ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá! Mo ń gbàdúrà, ẹ̀yin náà ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n wòlíì kò lè bá yín jókòó níwájú híídìmásítà.

Bí ọjọ́ ìpàdé bá kù díẹ̀, ẹ wá ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń rí sílẹ̀. Ẹ má kọ pé “ó ń ṣe ségesège”. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Mo ní kó gbé omi wá, kó ti ilẹ̀kùn, kó pe àbúrò rẹ̀. Ó gbé omi wá, ó gbàgbé ìyókù.” Tàbí: “Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn kì í dáhùn, bó bá ń wò mí, ó ń gbọ́.” Irú èyí ni tíṣà àti dókítà lè lò. Ẹ kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà síbẹ̀. Ọmọ tó ń to ìgò ní títóbi àti kíkéré, ìṣirò ló ń ṣe yẹn.

Ẹ rántí ìgbà ìbí rẹ̀ pẹ̀lú: ṣé ó tètè ké? Ṣé ibà pọ́njú ṣe é, ṣé gìrì mú un rí? Ìgbà wo ló rìn, ìgbà wo ló sọ̀rọ̀? Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. (Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi káńfọ̀, hóró funfun tí wọ́n fi ń lé aáyán yẹn, sáàárín aṣọ ọmọ ìkókó, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn kò gbà á, ó ń fa ibà pọ́njú, èyí tó bá sì le nínú rẹ̀ lè ba etí àti ọpọlọ ọmọ jẹ́.)

Ẹ kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún tó kọjá mọ́ ti ọdún yìí. Bó bá ń ṣi ohun tó wà lójú pátákó kọ, tó sì ń da ti inú ìwé kọ láìṣì, ọ̀rọ̀ ojú lè wà níbẹ̀. Bó bá dáhùn tán lẹ́nu, tí kò lè kà á tàbí kọ ọ́, ẹ sọ ìyẹn náà. Ẹ bi tíṣà pé: níbo ló ń jókòó? Iṣẹ́ wo ló ti ń ṣòro fún un, kí sì ni ẹ ti ṣe sí i?

Mo lọ bá ìyá ọmọbìnrin yẹn. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní akàndá ẹ̀dá ni?” Mo ní, “Ìyàwó mi, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Kí wọ́n pè é bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ ọ níwèé.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtìjú kì í ṣe ohun kékeré, ẹnu àwọn àna sì mú.

Ẹ̀yin bàbá gan-an ni mo wá bá wí! “Nínú ìdílé tiwa, kò sí irú ẹ̀ rí.” Ta ló bi yín? Ẹ wọ aṣọ, kí ẹ bá ìyàwó yín lọ. Obìnrin tó dá jókòó síwájú tíṣà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹkún ni yóò máa gbé mì, kò ní rántí ohun tó fẹ́ bèèrè. Bí bàbá kò bá sí nílé, kí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà bá a lọ.

Ẹ má sì na ọmọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé kó lè “gbọ́n” kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní olódo lójú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ilé-ìwé bá ní kí ẹ máa mú ọmọ yín lọ ńkọ́? Ẹ má jà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé (UBE) ti Nàìjíríà, ti 2004, sọ pé láti pírámárì dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni fún gbogbo ọmọ. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019 sì ka yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní tíṣà kankan tó kọ́ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ irú àwọn tíṣà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀yọ́ ló wà. Bí kò bá sí irú tíṣà bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé yín, kí ọmọ bọ́ síwájú ná, nítòsí pátákó, kí tíṣà máa kọjú sí i bó bá ń sọ̀rọ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Kí ẹ tó dìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí: ta ni yóò ṣe kí ni, ọjọ́ wo ni ẹ óò tún jókòó. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá tí ẹ kò gbúròó wọn, ẹ̀yin ni kí ẹ pè wọ́n.

Èmi ni,
Màmá yín, tíṣà àfẹ̀yìntì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.