Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ rí ọ̀nà gbà ní Àkúrẹ́

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ géètì tí wọ́n ń fi dí ojú ọ̀nà ládùúgbò ni mo ní kí ẹ bá mi gbé síta. Ó ti ń tàn káàkiri Àkúrẹ́, àwọn tó sì ń pinnu ibi tí wọ́n máa rì í mọ́ kọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní apá Ìjọ́kà, ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀yìn ilé wa já sí títì. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà lọ wọ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbà lọ síléèwé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń kiri ọjà ń gbà wọlé wá bá wa. Nígbà tí olè ò jẹ́ ká sùn, àwọn onílé apá òkè dáwó jọ, wọ́n fi géètì onírin dí i. Mi ò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Ẹni tí olè ti ká mọ́lé rí ò ní bú ẹni tó ṣe géètì. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń dùn mí. Lákọ̀ọ́kọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń tì í, tí wọ́n á sì ṣí i ní ìdájí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ́sàn-án gangan. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára rẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n fi ágádágodo há a.

Ẹ wá dúró síbẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ wò ó. Ẹni tó bá wa mọ́tò dé á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, mẹ́gáàdì á sáré jáde, á ṣí géètì gbayawu, kò ní bi í ní nǹkan kan. Obìnrin tó ru ẹrù lórí, tó fẹsẹ̀ rìn dé, òun ni wọ́n máa dá dúró pé ilé ta ló ń lọ. Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, apá òkè yẹn ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ wà. Ní báyìí, ó ní láti yípo gba ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ ti lọ síléèwé, àwọn òṣìṣẹ́ ti jáde, mọ́ín-mọ́ín náà ti tutù. Ó ti dín ẹ̀wà tó ń rẹ kù. Kò sí ẹni tó lé e lọ́jà, ọ̀nà ni wọ́n kàn dí mọ́ ọn.

Àárín àwa fúnra wa náà ti tutù. Àwọn ọmọ tó jọ ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà tẹ́lẹ̀ ò rí ara wọn mọ́. Bàbá àgbà kan kú ní apá tiwa, ọ̀pọ̀ ará òkè tí wọ́n jọ ń kíra lójoojúmọ́ ni kò gbọ́ títí wọ́n fi sin ín.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn baba wa ṣe tẹ ìlú yìí dó. Ààfin Déjì wà láàárín ìlú, Ọjà Ọba wà nítòsí rẹ̀, ọ̀nà àdúgbò lóríṣiríṣi sì ń wá pàdé níbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́. Láàárín agbo ilé sí agbo ilé, ọ̀nà tóóró wà tí ẹsẹ̀ ń gbà, ẹni tó ń kọjá á kí ará ilé, wọ́n á kí i padà, wọ́n á bi í léèrè ọmọ. Ilé olówó àti ilé tálákà jọ kọjú síra wọn. Mi ò ní kí a máa fi ojú dídùn nìkan wo àtijọ́ o: bí iná bá sọ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ panápaná ò lè wọ̀ ọ́, bí aboyún bá ń rọbí lóru, wọ́n á gbé e rìn kí wọ́n tó bá ọkọ̀. Ọ̀nà mọ́tò ṣe pàtàkì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kú nítorí rẹ̀.

Ìwà ká fi ilẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀, ìjọba amúnisìn ló sọ ọ́ di òfin nílẹ̀ wa. Ní 1917, nígbà ìjọba Lugard, òyìnbó tó jẹ́ gómìnà àgbà Nàìjíríà, wọ́n ṣe òfin tó pín àwọn ìlú sí ìpele mẹ́ta, wọ́n sì ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ onílùú. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kí ó ṣófo láàárín méjèèjì fẹ̀ tó 440 yáàdì. Wọ́n ní nítorí ibà ni. Òyìnbó lọ, a gba GRA, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ara wọn, lọ́wọ́ wọn, a sì tún wá ń fi géètì ṣe irú rẹ̀ láàárín ara wa, nínú àdúgbò tí kò sí òyìnbó kankan.

Ọ̀nà tí mọ́tò ti pọ̀ jù náà máa ń ya ará àdúgbò. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Donald Appleyard ṣe ìwádìí ní San Francisco ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ. Òpópónà tó jọra ló fi wéra. Níbi tí ọkọ̀ tó ń kọjá lójúmọ́ kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní tó ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní òpópónà rẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti tó 16,000, ọ̀rẹ́ wọn ò pé ẹyọ kan. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi ọmọ lọ́wọ́ sọdá Ọ̀nà Ọba Adéṣidà lọ́jọ́ tí ọjà kún, ìwádìí yìí ò ní yà á lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ yìí gan-an wà níbi tí wọ́n ti ń gé ilẹ̀. Sàfíyọ̀ á ya ọ̀nà àti ibi ìṣeré sínú pílánì. Nígbà tí ilẹ̀ bá wá gbówó lórí, wọ́n á ta ọ̀nà ẹsẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀tì, ẹni tó rà á á mọ fẹ́ǹsì, ọ̀nà tó yẹ kó já síta á di òpin síbẹ̀. Púlọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ ń tà níhìn-ín jẹ́ 60 ní 120 ẹsẹ̀ bàtà. Kí ni ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà máa dín níbẹ̀? Ẹni tó ní mọ́tò ò ní mọ̀ ọ́n lára bó bá yípo. Ọmọ iléèwé, arúgbó tó fi ọ̀pá rìn àti ẹni tó ru ọjà lórí ló ń fi ẹsẹ̀ san owó tí onílẹ̀ gbà yẹn, lójoojúmọ́.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ìjọba lágbára lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọwọ́ sí pílánì àdúgbò tuntun kankan tí kò bá ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó já síta, kí wọ́n sì ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó ta púlọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Géètì tó bá sì wà lójú ọ̀nà gbogbo ènìyàn, kí ilẹ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ wà ní ṣíṣí láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Mẹ́gáàdì tí wọ́n ń sanwó fún wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìpàdé àwọn onílé wa máa wáyé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Ayálégbé ni mí, n kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti bẹ alága, ó sì ti gbà pé kí èmi àti ìyá ẹlẹ́kọ wá. Bí ẹ bá lè tẹ lẹ́tà yìí jáde kó tó di ọjọ́ náà, màá mú ìwé ìròyìn yín dání lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìjọ́kà, Àkúrẹ́