Àkànní, Ṣé Ìwọ Lo Kọ Ọ́?

Àkànní ọmọ mi,

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń pè ọ́ tí o ò gbé fóònù. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí mo máa ń rí àmì aláwọ̀ ewé yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ ní aago méjì òru, nígbà tó yẹ kí o ti sùn. Ikọ́ bàbá rẹ ti lọ. Àbúrò rẹ ti yọ eyín tó ń dà á láàmú, ó wá ń yanu fún gbogbo ẹni tó bá wọlé kí wọ́n lè rí ihò rẹ̀. Òrùlé ẹ̀yìn ṣì ń jò. Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ẹ jọ máa ń gbá géèmù nígbà kan, ló sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé o ti ríṣẹ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní iṣẹ́ wo ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kan ló ń sanwó fún ọ kí o máa kọ rìfíù dídùn sábẹ́ géèmù tí o ò gbá rí, pé àkáǹtì méje lo ní, orúkọ méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo yára sọ ọ́, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi mọ́. Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Òrùlé ń jò, owó wà nílẹ̀, mo ń wo méjèèjì.

Ṣé òótọ́ ni?

Bó bá jẹ́ irọ́, tètè sọ fún mi kí n lè lọ bá ọmọ yẹn jà. Bó bá jẹ́ òótọ́, má ṣe sọ fún mi pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Má sì sọ pé kí ni Màámi mọ̀ nípa géèmù. Ta ló ń jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá ń ka ohun táwọn èèyàn kọ sórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, sókè kí a tó ra nǹkan? Ọmọ ọdún 13 ni ọ́ nígbà yẹn, ohùn rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Ìwọ lo sọ fún mi pé, "Màámi, ẹ má wo máàkì nìkan. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wo wákàtí tó ti fi gbá a."

O tún ṣàlàyé ohun kan fún mi tí mo fi ọ́ yangàn níwájú bàbá rẹ. O ní àtàǹpàkò méjì péré ni wọ́n fún èèyàn níbẹ̀, èyí tó ń wòkè àti èyí tó ń wolẹ̀, kò sí àárín. Ẹni tó kàn gbádùn géèmù náà díẹ̀ àti ẹni tí ò lè jẹun nítorí rẹ̀, àtàǹpàkò kan náà ni wọ́n ń nà. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ 95 sí i, kì í ṣe pé géèmù yẹn gba máàkì 95 nínú 100. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú 100 èèyàn tó sọ̀rọ̀, 95 ní kí ẹlòmíì náà rà á. O tún ní àwọn kan tí ò fẹ́ràn rẹ̀ ti gba owó wọn padà kí wákàtí méjì tí wọ́n fi gbá a tó pé, torí Steam ti gbà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2015, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ láìsọ nǹkan kan. Ọmọ tó lóye tó báyìí, ṣé òun náà ló ń ta ẹnu rẹ̀?

Mi ò sọ pé ohun táwọn èèyàn ń kọ síbẹ̀ ò wúlò. Ó wúlò! Ṣé o rántí géèmù Cyberpunk 2077, lóṣù Kejìlá ọdún 2020? Àwọn oníròyìn tí wọ́n fún ní ẹ̀dà ṣáájú, ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì yìn ín. Àwọn tó fi owó ara wọn rà á fún PlayStation 4, ẹ̀rọ géèmù Sony, ló pariwo pé ó ń dákú, ó ń jí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Sony yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ ọjà rẹ̀, ó di oṣù Kẹfà ọdún 2021 kó tó padà síbẹ̀. Bí àwọn olùrà ò bá sọ̀rọ̀, mélòó ni ì bá tún kó sínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ ti jáde lápò máa ń ní ìwúwo tirẹ̀. Ìwúwo yẹn gan-an ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ, bó bá jẹ́ pé wọ́n ń rà á.

Aṣọ òtútù rẹ ṣì wà níhìn-ín. Mo ti fọ̀ ọ́.

Èèyàn lè fi òótọ́ ṣini lọ́nà pẹ̀lú, mo gbà. No Man's Sky tó jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 2016, èébú ni wọ́n fi kí i káàbọ̀, torí ohun tí wọ́n ṣèlérí pọ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò sá, wọ́n ń tún un ṣe lọ́dọọdún, títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ẹni tó bú u lọ́dún 2016 ò purọ́. Ẹni tó ka èébú yẹn lónìí láìwo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ló fi ara rẹ̀ ṣeré.

Ti ìbínú ló máa ń dẹ́rù bà mí jù. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2020 tí The Last of Us Part II jáde, òdo ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń fún un lórí Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì géèmù jọ, lọ́jọ́ kan náà. Géèmù tó ju wákàtí 20 lọ kí èèyàn tó parí rẹ̀! Ìgbà wo ni wọ́n gbá a? Lẹ́yìn oṣù kan, Metacritic ní kí olúkúlùkù dúró fún wákàtí 36 lẹ́yìn tí géèmù bá jáde kó tó lè kọ̀rọ̀. Bí ẹni pé wákàtí 36 tó pa iná inú ẹlòmíì. Inú tèmi jó ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Àmọ́ ìbínú mìíràn tún wà tó mọ́gbọ́n dání. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, Sony ní dandan kí àwọn tó ń gbá Helldivers 2 lórí Steam ṣí àkáǹtì mìíràn lọ́dọ̀ òun, bẹ́ẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí èèyàn ò ti lè ṣí i. Rìfíù burúkú tó lé ní 200,000 ló dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, Sony sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn, èmi nìkan nínú yàrá.

O lè máa ṣe kàyéfì pé níbo ni mo ti mọ gbogbo èyí. Bọ́wọ́ mi ò bá gbọ̀n, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Àkànní, àwọn tó ń rà á ò ní gbà ọ́ sílẹ̀ o. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni Steam ò ti ka ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fún ní géèmù láìrà á lórí Steam mọ́ ara máàkì mọ́. Lóṣù Kejì ọdún 2018, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ra géèmù ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n sì kọ rere nípa rẹ̀. Ìwé yẹn já síta, Valve tó ni Steam sì palẹ̀ gbogbo géèmù ilé iṣẹ́ náà mọ́ kúrò níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn olùrà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kẹwàá ọdún 2024 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta rìfíù èké, kò sì gbọdọ̀ rà á. Ìwọ ni wọn yóò yọ orúkọ rẹ, wọn yóò sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́ rí. Òmùgọ̀ ọmọ! Orúkọ méje, kò sì sí ọ̀kan tí mo sọ ọ́ níbẹ̀.

Má bínú. Mo fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, mo ti fi bírò kọ ọ́.

Ó dáa. Ọdún tí o pé 16, ọdún tí o fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ṣé o rántí géèmù kékeré yẹn tí o fẹ́ràn? Èyí tí o máa ń kọ́ abúlé sínú rẹ̀ ní tìẹ. Mo jí lóru ọjọ́ kan, mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ, mo padà lọ sùn láìsọ nǹkan. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí o ti jáde, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ tí o kì í tì. Mo na àtàǹpàkò sísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ má rà á. Ó ń nu gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe sínú rẹ̀ nù." Irọ́ ni, Àkànní. Kò nu nǹkan kan nù. Mo mọ̀ pé ohun tó máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù nìyẹn, ìwọ náà lo kọ́ mi. Àkáǹtì rẹ ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí náà wákàtí 312 tí ìwọ fi gbá a ló jókòó sórí irọ́ mi bí adé. Ta ni ò ní gba ẹni tó gbá a fún wákàtí 312 gbọ́? Àwọn tó kọ̀rọ̀ sábẹ́ géèmù náà nígbà yẹn ò pé 50. Tèmi ló wá wà lókè pátápátá, tí wọ́n ń fọwọ́ sí i pé ó ran àwọn lọ́wọ́.

Ẹni tó ṣe géèmù náà fèsì. Ó jọ pé òun nìkan ló ń ṣe é. Ó tọrọ àforíjì. Ó ní kí o jọ̀ọ́ fi fáìlì rẹ ránṣẹ́ kí òun lè wá ibi tó ti bàjẹ́. Ó tún padà kọ̀wé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun ti wá a títí òun ò rí i. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ìwọ náà wá bá mi ní ilé ìdáná. O ní àwọn tí ẹ jọ máa ń gbá a ò dá ọ lóhùn mọ́, o ní, "Màámi, kí ni mo ṣe fún wọn?" Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí o lọ kàwé. Omi ń bọ́ lójú rẹ, mo ń fọ abọ́. Mi ò yíjú.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè rí ìròyìn rìfíù èké kí n fojú fò ó. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rìn fún ọdún 8, ó sì wá ń kan ilẹ̀kùn nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ. Mo fẹ́ bá ọ wí, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ẹnu, ọwọ́ ara mi ni mo ń rí lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ? Ṣé o mọ̀ láti ìgbà yẹn, tí o kàn ń wò mí? Ṣé ìdí nìyẹn tí o ò fi gbé fóònù?

Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Bàbá rẹ ti rí ẹni tí yóò wo òrùlé náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo lọ wò ó lánàá. Ẹni tí àkáǹtì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè pa á rẹ́, ìwọ sì ni. Kí o tó pa á rẹ́, jọ̀ọ́, ka ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọkùnrin náà kọ, kí o sì wò ó bóyá àyè ṣì wà láti fèsì. Sọ fún un pé ìyá rẹ ni. Lẹ́yìn náà, pè mí, kódà bó bá jẹ́ aago méjì òru. Mo ti sọ fún ọ pé mi ò kí ń sùn mọ́.

Èmi ni,
Màámi