Ẹ yí páálí oògùn ara ríro wò kẹ́ ẹ tó gbé e mì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Lásìkò ìkórè kòkó báyìí, ẹ̀yìn ń ro àgbẹ̀ l'Oǹdó, ọrùn ń ro aláàárù l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́. "Ẹ fún mi lóògùn ara ríro" ni wọ́n máa ń wí ní kẹ́míìsì. Èyí tó ń mú kí iṣan dẹ̀ sábà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n ń gbà, ewu rẹ̀ ò sì hàn sí wọn.

Ẹ yí páálí náà, kẹ́ ẹ ka ìwé wínníwínní tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Èyí tó ní orphenadrine, ọ̀kan nínú oògùn tó ń mú kí iṣan dẹ̀, wọ́pọ̀: 35 mg rẹ̀ àti 450 mg paracetamol ló wà nínú hóró kan. Ẹni tó ń lo méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ti gbé 2,700 mg paracetamol mì. Tó bá tún fi paracetamol lásán kún un, hóró 500 mg méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ó di 5,700 mg. Bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá 4,000 mg láàárín wákàtí 24. Ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́, kì í sì í tètè hàn lójú. Ìdí nìyí tí a fi kórìíra oògùn tí wọ́n dà pọ̀ sínú ọ̀rá láìsí orúkọ: kò sẹ́ni tó lè ṣírò ohun tí kò mọ̀.

Orphenadrine yìí kan náà ò dáa fẹ́ni tó ní glaucoma (àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú), tàbí bàbá tí ìtọ̀ ń ṣòro fún. Ìtọ̀ náà lè há pátápátá. Ní ti tizanidine, tóun náà ń mú kí iṣan dẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ ciprofloxacin (cipro), oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Cipro kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ̀ ọ́, á pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èèyàn á sì ṣubú. Kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sọ ọ́ kí wọ́n tó ta á fún un.

Gbogbo wọn ló lè mú kí oorun máa kunni. Ọlọ́kadà tó bá lò ó ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà títí yóò fi mọ bí oògùn náà ṣe ń ṣe é lára. Paraga, ògógóró, tramadol àti oògùn oorun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un: mímí lè falẹ̀ lójú oorun kó sì dáwọ́ dúró. Ẹni tí dókítà fi sórí baclofen, òmíràn tó ń mú kí iṣan dẹ̀, ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí gìrì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù.

Bí ẹ̀yìn ríro bá wá pẹ̀lú kí ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ kú tipiri, tàbí kí ìtọ̀ má ṣeé tọ̀, tàbí kó máa dà fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Àwa apòògùn kan,
Àkúrẹ́