Lẹ́tà sí Bọ́lá: bí oyè àwọn Hay ṣe gba ọ̀nà méjì

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni gbogbo ará ilé wà? Ìbéèrè rẹ lórí àwọn Hay ti Skọ́tlándì dùn mọ́ mi: báwo ni ọkùnrin kan ṣe kú, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ oyè kan, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ èkejì? Wọn ò bá ara wọn jà o. Kò sí afọbajẹ lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ọlọ́mọọba tó ń jẹ ẹ́ kárí. Oyè kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀ láti ìgbà tí ọba ti dá a sílẹ̀.

Josslyn Hay, Earl of Erroll kejìlélógún (oyè ńlá kan ni Earl, Countess sì ni obìnrin tó bá jẹ ẹ́), ni wọ́n yìnbọn pa nítòsí Nairobi ní oṣù kìíní 1941. Diana, ọmọ ọdún 15, nìkan ló bí. Obìnrin lè jẹ oyè Erroll bí kò bá sí ọmọkùnrin, nítorí náà Diana di Countess. Ipò Lord High Constable, iṣẹ́ ọlá kan nínú ayẹyẹ ọba, tí Robert the Bruce, ọba Skọ́tlándì, ti fi jíǹkí ìdílé wọn láti 1314, bọ́ sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n oyè Baron Kilmarnock, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1831, àrólé ọkùnrin nìkan ló wà fún. Ìyẹn fo Diana, ó bọ́ sọ́dọ̀ Gilbert, àbúrò bàbá rẹ̀, tó fi orúkọ Hay sílẹ̀ tó ń jẹ́ Boyd. Nígbà tí wọ́n dé Elizabeth ládé ní 1953, Gilbert yìí náà ló ṣojú Diana nínú iṣẹ́ Constable. Obìnrin ló ni ipò, ọkùnrin ni wọ́n rí lójú agbo!

Kí ló dé tó jẹ́ Boyd? Ibẹ̀ gan-an ló dùn jù. Earl of Erroll kẹtàlá kú láìgbéyàwó ní 1717, arábìnrin rẹ̀, Mary, sì jẹ oyè. Mary náà kò bímọ. Nígbà tó kú ní 1758, James Boyd, ọmọ-ọmọ arábìnrin rẹ̀, ló kàn. Ìjọba ti bẹ́ orí bàbá James ní London ní 1746 nítorí pé ó bá Charles Stuart, tó ń du ìtẹ́ ọba fún ìdílé rẹ̀, dìtẹ̀. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé oyè Earl of Kilmarnock tó jẹ́ ti bàbá náà, James kò rí i jẹ. Àmọ́ ọ̀nà ìyá rẹ̀ ni Erroll gbà dé, ẹ̀bi bàbá kò sì lè dí ọ̀nà yẹn. Ó gba oyè, ó ń jẹ́ Hay. Nítorí náà, Boyd ni ìran bàbá Gilbert, orúkọ yẹn ló padà sí.

Ṣáájú kí Skọ́tlándì tó darapọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1707, olóyè lè dá oyè padà fún ọba, kí ọba tún un fún un pẹ̀lú ìlà àrólé tuntun. Novodamus ni wọ́n ń pè é. Earl of Erroll kọkànlá, tí kò bímọ, gba irú rẹ̀ ní 1666. Àṣà náà ti tán báyìí.

Bí ọmọbìnrin bá ju ẹyọ kan lọ, àgbà ló ń jẹ oyè Skọ́tlándì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oyè Baron àtijọ́ kan lè wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin náà dọ́gba. Ti Skọ́tlándì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ọmọ àgbàtọ́ kò lè jogún oyè níbì kankan nínú méjèèjì.

Láti 2004, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé orúkọ àwọn olóyè, ìjọba kò ní fi oyè pè é. Yóò kó ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ wá, ti ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, àti ti ikú ẹni tó jẹ oyè kẹ́yìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni ẹ̀gbọ́n kan láyé àtijọ́ tó lọ sókè òkun tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́: àfi kí olùbéèrè fi ẹ̀rí hàn pé ẹni náà kú láìní àrólé. Ẹni tí kò bá fẹ́ oyè ní ọdún kan láti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan ló kọ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ṣì wà.

Ọmọ Diana, Merlin, jẹ Erroll ní 1978. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1985, ó tún jẹ oyè baronet (oyè àjogúnbá tó kéré sí Baron) ti Moncreiffe, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, Peregrine, tó ń jẹ́ orúkọ Moncreiffe, ló di olórí ìdílé yẹn. Merlin ti jẹ́ olórí àwọn Hay ní tirẹ̀.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Bí o bá tún rí ìdílé mìíràn tó rú ọ lójú, fi orúkọ oyè náà àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé