Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Obìnrin Ahunṣọ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, Lórí Ògiri Òfì Tí Wọ́n Wó

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Kábíyèsí àti àwọn olóyè ìlú,
Kí káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa náà gbọ́.

Okun o, bàbá wa. A kí yín kú iṣẹ́ ìlú, a kí yín kú ìnira èrò. Àwa obìnrin tó ń hunṣọ ní àdúgbò ààfin àtijọ́ kúnlẹ̀ kí yín. Ìyá àgbà wa, tí orúnkún kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ mọ́, kí yín láti orí àpótí tó jókòó lé. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìwé yìí sùn sórí tábìlì akọ̀wé. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kà á.

Kò yẹ ká máa sọ ẹni tí a jẹ́ fún yín. Aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún yín, ọwọ́ wa ló ti jáde, a ò sì gba kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ wa ló kọ́kọ́ kórin jó dé iwájú Sẹkitéríàtì. A jó nítorí a gbà pé ẹni tó ń gbé láàárín wa ni yóò tètè gbọ́ igbe wa.

Ní ìlú yìí, kò sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ṣájú tiwa. Kí ilé ìwé tó dé, kí mọ́tò tó dé, òfì ti wà. Nígbà ogun Tápà, orí òkè ni àwọn baba wa sá sí. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kàbbà ní oṣù Kìíní ọdún 1897, tí ọwọ́ Bídá, olú ìlú Tápà, bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lọ́rùn ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá agbègbè Kàbbà, lọkàn àwọn èèyàn wa tó balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ilé amọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ ni àdúgbò ààfin àtijọ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń mọlé ni àwọn ìyá wa ń gbé òfì ti ògiri. Títí di òní, kò sí olóyè kan tó lọ sọ́run ní ìlú yìí tí iṣẹ́ ọwọ́ wa kò bá a dé ẹnu ibojì. Ẹ wo àwọn ará Bùnú àti aṣọ ìpò wọn, aṣọ pupa ẹ̀yẹ ìsìnkú, tí àwọn ìyá àtijọ́ máa ń tú òwú rẹ̀ lára kúbùsù pupa ọsibítù nítorí pé òwú pupa ṣòroó rí. Ẹ wo Ògìdì ní Ìjùmú, níbi tí Nike Okundaye ti wá, tó gbé iṣẹ́ aró àti òwú ilẹ̀ wa dé òkè òkun. Iṣẹ́ tí ayé ń wá wò nìyí, bàbá wa, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá ni ọ̀rọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí a gbọ́ pé oníṣòwò kan fẹ́ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin àtijọ́, a ò pariwo. Ẹ pe ìpàdé ìlú, gbogbo wa wá. Ẹ rántí pé àríyànjiyàn ọjọ́ náà gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn fẹ́ ẹ: omi tútù, ibi tí wọ́n ti lè fi káàdì gbowó, iṣẹ́ fún àwọn tó ti parí ilé ìwé tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí a fi owó aṣọ rán lọ sí Kàbbà lọ kàwé, dìde, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ má bínú o. Ìlú tí èèyàn kò ti lè rí agolo mílíìkì ọmọ rà lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò tíì jí." A ò já a lẹ́nu. Òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú wa ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lóru rí nítorí irú agolo yẹn.

Àwọn onílé náà sọ tiwọn. Bàbá kan ní ilẹ̀ tí wọ́n bá da sìmẹ́ńtì bò kì í mu omi mọ́. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sí iwájú súpámákẹ́ẹ̀tì yóò ṣàn lọ sí ìdí ilé amọ̀ tó yí i ká, ilé amọ̀ tí ìdí rẹ̀ bá sì ti rin, orí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń wó lé. Ẹlòmíràn sọ ti ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò máa fẹ̀yìn rìn wọ ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ méjì kò lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa sọ ti jẹnẹrétọ̀. Òwú funfun tí èéfín bá bà, ọṣẹ kan kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. A tún sọ pé ilẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà Ìlọrin, nítòsí gáréèjì, níbi tí awakọ̀ àti èrò ti máa rí i. Àwọn ọ̀dọ́ pàápàá mi orí sí èyí.

Lẹ́yìn náà lẹ̀yin dìde. A há ọ̀rọ̀ yín sórí. Ẹ ní, "Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ títí a ó fi tún pàdé lẹ́yìn ọjà mẹ́ta." Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. A lọ sílé, a sùn.

Ọjà kejì kò tíì pé tí katakata fi dé. Ìdájí Ọjọ́rú ni, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ògiri gígùn tó wà lẹ́yìn ààfin àtijọ́, tí òfì mẹ́tàdínlógún fẹ̀yìn tì, ni wọ́n kọ́kọ́ tì lulẹ̀. Kí a tó sáré dé, ó ti di òkìtì. A rí òwú tí a ti ta sórí òfì tó já dànù nínú ẹrẹ̀ bí irun tí wọ́n fá. Aṣọ olóyè kan tí ìsìnkú rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì wà lórí ọ̀kan nínú wọn, ó ti lé ní ìdajì. Ẹsẹ̀ katakata ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A fà á jáde, kò wúlò mọ́. Owó ìdílé yẹn wà lọ́rùn wa báyìí, ìtìjú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá àgbà wa wá àpásà rẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń lu òwú mọ́ra lórí òfì, kiri nínú òkìtì náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Àpásà yẹn, ìyá ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Igi rẹ̀ ti dúdú, ó ń dán, ibi tí àtàǹpàkò ń gbà di í mú sì ti jẹ kòtò sínú. Ó rí i. Ó ti là sí méjì. Ó di méjèèjì mọ́ etí ìró rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí ògiri jẹ́ fún wa, torí ó lè dà bíi pé ògiri amọ̀ lásán ni. Òfì tiwa kò rí bíi ti ọkùnrin Ìṣẹ́yìn tàbí Ìlọrin, tó ń na òwú lọ jìnnà nílẹ̀, tó ń hun aṣọ tín-ín-rín. Òfì tiwa dúró lóòró. Ògiri ló gbé e ró. Iwájú rẹ̀ lobìnrin jókòó sí, ibẹ̀ náà sì lọmọbìnrin ń jókòó ti ìyá rẹ̀ wò títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. A ò lè so òfì mọ́ tapólì. Ẹni tó wó ògiri yẹn wó ṣọ́ọ̀bù wa, ó sì wó ilé ẹ̀kọ́ wa.

Bàbá wa, a ò sọ pé ẹ̀yin lẹ rán wọn. Báwo la ṣe fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀? Irú èèyàn bíi tiyín kò lè dúró ní gbangba sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n yí i padà nígbà tí aráalú ń sùn. Ohun tí a rí la ń sọ: àwọn tó bá katakata wá wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba, ìwé tí wọ́n sì nà sí wa kò ní òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá ń lo orúkọ yín, ó yẹ kínú bí yín ju tiwa lọ. Bí wọn kì í bá ṣe ẹni yín, a ń retí kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ síta, ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́jọ tí a ti ń retí.

Ọmọ wa kan tó jẹ́ lọ́yà ka òfin fún wa. Ó ní Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbà kí ìjọba gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún onílẹ̀ ní ìwé, kí wọ́n sì san owó ohun tó wà lórí rẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì ẹnì kan kì í ṣe ti gbogbo ìlú. Ó tún ní Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi kíkọ́ ọjà àti àmójútó ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà nìyẹn, a ò níbi méjì tí a ó gbé e lọ.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí katakata kúrò níbẹ̀ lónìí, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tún ògiri náà mọ, amọ̀ ni kí wọ́n fi mọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, nítorí búlọ́ọ̀kù máa ń gbóná lẹ́yìn èèyàn lọ́sàn-án. Kí wọ́n san owó òfì mẹ́tàdínlógún àti owó aṣọ olóyè. Kí ìpàdé tí ẹ ṣèlérí wáyé lọ́jọ́ tó yẹ, níwájú Kábíyèsí, kí a sì gbọ́ níbẹ̀ pé ojú ọ̀nà Ìlọrin ni súpámákẹ́ẹ̀tì náà ń lọ. Tó bá lọ síbẹ̀, a ó bá oníṣòwò náà yọ̀, a ó sì ra mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ ọjà, ti bohóólù tó ti gbẹ, ti gọ́tà tó dí lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja, a ti sọ wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ó dá wa lóhùn nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

A ti ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́kàn. Ó ṣòro. Àwọn aláta, ẹlẹ́lùbọ́ àti ẹlẹ́ja ti wá bá wa pé bí a bá ní kí ọjà má ná, ọjà kò ní ná. A ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá wa jiyàn ní ìpàdé náà wá kí wa kú ìdárò, wọ́n sì bá wa kó àwọn igi òfì tó kù jọ. Ìyá àgbà wa ní bí kò bá sí ògiri mọ́ ní ààfin àtijọ́, òun mọ ibi tí ògiri wà: ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sẹkitéríàtì gùn, ó ga, òjò kì í sì í dé ibẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kí ìwé yìí kọ́kọ́ dé ọwọ́ yín. Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n láti àná ló ti ń rànwú.

Títí di ọjà tó ń bọ̀ la ó fi máa retí èsì yín.

Àwa ọmọ yín tí ń bọ̀wọ̀ fún yín,

Ìyá Ẹgbẹ́ (ó tẹ̀ka)
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (ó fọwọ́ sí i)
Akápò Ẹgbẹ́ (ó tẹ̀ka)